Kí Ló Kù Kó Pé? Ìtàn Ìṣirò Owó ní Ayépé àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Àyọkúrò tí a fi àròpọ̀ ṣe ni ìṣirò tí oníṣirò kì í ti í mú nǹkan kan kúrò nínú òmíràn. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹ́kù tí wọ́n bá mú 37 kúrò nínú 100, orí 37 ni yóò dúró sí. Yóò fi 3 kún un, ó di 40. Yóò fi 60 kún 40, ó di ọgọ́rùn-ún. Àpapọ̀ ohun tó fi kún un, ìyẹn 63, ni ìdáhùn. Ọ̀nà yìí ni àwọn tó ń tajà ní Ayépé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọdógbolú, lápá ìwọ̀ oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde, fi ń ka ṣéńjì sọ́wọ́ oníbàárà, bí wọ́n ti ń ṣe é ní gbogbo ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Wọn kò kọ́ ọ nílé ìwé. Ó wà nínú orúkọ tí àwọn baba ńlá wọn sọ iye kọ̀ọ̀kan, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ka owó ẹyọ tipẹ́tipẹ́ kí ilé ìwé àkọ́kọ́ tó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Òwò ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fi gbajúmọ̀ láti ìgbà láéláé. Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí tó kọ ìwé rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, mẹ́nu ba ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu, tí yàrà jíjìn yí ká. Ìjẹ̀bú-Òde ló ń sọ. Ó ní eyín erin àti ẹrú ni àwọn ará Yúróòpù ń rà níbẹ̀, ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 sì ni wọ́n ń san lórí ènìyàn kan. Òwò tó bani nínú jẹ́ gidigidi ni òwò ẹ̀dá ènìyàn, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà fi hàn pé ní ohun tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, iye owó ti ní òdiwọ̀n tí olùtà àti olùrà jọ mọ̀ ní Ìjẹ̀bú.

Lẹ́yìn ẹ̀gbà idẹ ni owó ẹyọ gba ọjà. Inú òkun Íńdíà, ní àwọn erékùṣù Maldives, ni wọ́n ti ń kó o. Ọkọ̀ ojú omi a gbé e lọ sí Yúróòpù, a sì tún gbé e wá sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó fi di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Ìjẹ̀bú ló dúró láàárín ọ̀sà Èkó àti àwọn ìlú òkè. Epo pupa àti aṣọ ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, iyọ̀, ìbọn àti aṣọ òyìnbó ń gòkè láti etí ọ̀sà, ọjà Èjìnrìn sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ bá òyìnbó ní etí omi. Àwọn ni alágbàtà, àwọn ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọ̀tún tí wọ́n ń fi í lé ọwọ́ òsì. Ẹni tó bá ń ṣe alágbàtà kò lè ṣe kó má mọ ìṣirò, nítorí àárín iye tó rà á àti iye tó tà á ni oúnjẹ rẹ̀ wà.

Bí wọ́n ṣe ń ka owó náà ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyọ 40 ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò tí 20,000 ẹyọ wà nínú rẹ̀, ẹrù tó tó ẹrù orí gidi. Okùn márùn-ún pére ló sì ń jẹ́ igba.

Ẹyọ tí wọn kò sín ńkọ́? Adolphus Mann, ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ìyìn rere fún ìjọ CMS ní Ìjàyè, fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn tó ń kà á, ó sì kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá ní 1887. Ẹni tó ń ka owó á da àpò sílẹ̀, á kúnlẹ̀ tàbí kó jókòó tì í. Á máa fi ọwọ́ wọ́ ẹyọ márùn-ún márùn-ún sápá kan, á máa kà á sínú láti oókan títí dé ogún. Nígbà tó bá dé ogún, ọgọ́rùn-ún ti pé. Á tún ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, á gbá òkìtì méjèèjì pọ̀, ó di igba. Igba yìí ni á máa kó jọ títí àpò yóò fi tán. Èrò Mann ni pé inú kíka owó ẹyọ báyìí ni àṣà dídín òǹkà kù ti wọ orúkọ òǹkà Yorùbá. Èrò náà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí ibi tí ọwọ́ òǹkàwó ń dúró sí, ní ogún, ní igba àti ní ẹgbàá, ni èdè pẹ̀lú ń dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ àwọn iye náà fínnífínní, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sorọ̀ sí. Láti 11 dé 14, àròpọ̀ ni: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Tó bá ti di 15, èdè yíjú padà, ó ń wo ogún lọ́ọ̀ọ́kán: ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́yìn ogún. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń lé, márùn-ún tó kẹ́yìn ń dín. Iye tó ń lọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin àti ọgọ́rùn-ún jẹ́ ogún lọ́nà méjì, mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún, ṣùgbọ́n 50 jẹ́ àádọ́ta, ìyẹn ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá, 70 jẹ́ àádọ́rin, ọgọ́rin tó dín mẹ́wàá, 90 sì jẹ́ àádọ́rùn-ún. Bí a bá gòkè dé ọ̀dọ̀ igba, bákan náà ló rí: ẹgbẹ̀ta jẹ́ 600, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jẹ́ 600 tó dín ọgọ́rùn-ún; ẹgbẹ̀rin jẹ́ 800, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin jẹ́ 700. Bí a bá tún gòkè dé ọ̀dọ̀ ẹgbàá, ẹgbàata jẹ́ 6,000, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata sì jẹ́ 5,000, ẹgbẹ̀rún kan ló dín. Ìpele mẹ́ta ni, ìwà kan náà ni wọ́n sì ń hù: mẹ́wàá ló ń dín nínú ogún-ogún, ọgọ́rùn-ún nínú igba-igba, ẹgbẹ̀rún nínú ẹgbàá-ẹgbàá. Ìlàjì ni ó ń dín nígbà gbogbo. Àwọn bí ọgbọ̀n, ọ̀ọ́dúnrún àti irínwó dá dúró pẹ̀lú orúkọ tiwọn, wọn kò bá àwọn yòókù tò.

Ohun tí èyí ṣe fún oníṣirò pọ̀ ju bí a ti lè rò lọ. Bí Yorùbá bá pe 17 ní mẹ́tàdínlógún, ó ti sọ iye náà, ó sì ti sọ ohun tó kù kó di ogún. Ẹni tó mú ogún kalẹ̀ fún ohun tó jẹ́ mẹ́tàdínlógún kò ní ìṣirò kankan láti ṣe, orúkọ ti dá a lóhùn. Ẹ mú 145, tí wọ́n ń pè ní márùndínláàádọ́jọ. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó kù kó di igba yóò tẹ̀ lé orúkọ náà lọ. Márùn-ún ló dín, ó fi márùn-ún kún un, ó di àádọ́jọ. Àádọ́jọ fúnra rẹ̀ ti sọ pé mẹ́wàá ló kù kí òun pé ọgọ́jọ, ó fi mẹ́wàá kún un. Láti ọgọ́jọ dé igba, ogún méjì ló kù, ìyẹn ogójì. Márùn-ún, mẹ́wàá, ogójì: márùndínlọ́gọ́ta, 55. Ìgbésẹ̀ méjì nínú mẹ́ta ló wà nínú orúkọ 145 látìbẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo iye ló ní irú ìrànwọ́ yìí o. Mẹ́rìnlélógún kò sọ ohun tó kù kó di ọgbọ̀n, ẹ̀yìn ló kọjú sí. Òǹkàwé tó bá fẹ́ fi gbogbo òǹkà Yorùbá ṣe àwòkọ́ṣe àyọkúrò yóò rí i pé ìdajì tó sún mọ́ òkè nínú mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ni ó ti wúlò jù. Ṣùgbọ́n ìdajì òkè yẹn gan-an ni ṣéńjì ti máa ń wáyé jù lọ, nítorí ẹni tó ń rajà sábà máa ń mú owó tó fi díẹ̀ ju iye ọjà lọ kalẹ̀.

Èdè mìíràn wà láyé tó ń dín òǹkà kù. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe 18 ní duodeviginti, méjì kúrò nínú ogún, wọ́n sì ń pe 19 ní undeviginti. Orí 8 àti 9 ni tiwọn mọ sí. Ti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti orí 5, ó sì gòkè lọ sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìgbà tí Claudia Zaslavsky, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé rẹ̀ Africa Counts jáde ní 1973, tó sì gba ẹnu Mann ròyìn kíka owó ẹyọ, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìṣirò lókè òkun tó kọ́kọ́ gbọ́ nípa òǹkà Yorùbá.

Nínú Ifá pẹ̀lú, ohun tó ṣẹ́kù ló ń sọ ohun tí ọwọ́ ti kó. Ikin mẹ́rìndínlógún wà lọ́wọ́ babaláwo. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbọ́n wọn lẹ́ẹ̀kan náà kúrò ní ọwọ́ òsì. Kò ka èyí tó bọ́ sí ọ̀tún, èyí tó kù ní òsì nìkan ló ń wò: bí ó bá ku ọ̀kan, ó tẹ̀ méjì lórí ìyẹ̀rosùn, bí ó bá ku méjì, ó tẹ̀ ọ̀kan. Ẹni tó mọ iye tó pé, tó sì rí iye tó kù, ti mọ iye tó lọ.

Ní ọjà, owó ẹyọ ló gba ọ̀nà yìí. Ká ní aláṣọ kan pe aṣọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán, ìyẹn 1,700 ẹyọ, oníbàárà sì gbé ẹgbàá kalẹ̀. Aláṣọ kò ní kọ nǹkan sílẹ̀. Yóò ka ọgọ́rùn-ún lé ilẹ̀, yóò ní ó di ẹgbẹ̀sán. Yóò mú okùn márùn-ún, ìyẹn igba, lé e, yóò ní ó di ẹgbàá. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ṣéńjì, ọ̀ọ́dúnrún ni. Àǹfààní tó tóbi jù ni pé oníbàárà ń gbọ́, ó sì ń rí i. Bí aláṣọ bá ṣi í kà, ẹnu rẹ̀ kò ní dé ẹgbàá, tàbí kó kọjá ẹgbàá, àwọn méjèèjì yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú ọkàn rẹ̀ ló ti yọ 1,700 kúrò nínú 2,000, tó wá na ọ̀ọ́dúnrún sí oníbàárà, àfi kí oníbàárà tún un ṣe fúnra rẹ̀ kó tó gbà á gbọ́. Láàárín àwọn tí wọn kò ní ìwé tàbí báírò, àròpọ̀ tí a sọ sókè ni ẹ̀rí. Ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí fi wà títí. Ó ń parí ìjà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Owó ńlá pàápàá kò kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè ọ̀kẹ́ kan, tó ti san 13,000, san ẹ̀ẹ́dẹ́gbàaje. Ẹgbẹ̀rún kan ló kù kí ó di ẹgbàaje, ìyẹn 14,000. Láti ibẹ̀, ẹgbàá mẹ́ta ló kù kí ó di ọ̀kẹ́ kan. Gbèsè tó kù jẹ́ 7,000, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàarin.

Àjọ dídá tún jẹ́ ibòmíràn tí ọ̀nà náà ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di òní. Káàdì alájọ ní àpótí 31, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Ìyá tó ti san ti ọjọ́ 23, tó fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó kù kó fi san pé, kò ní yọ 23 kúrò nínú 31. Yóò gbé ìka lé àpótí tó ṣófo àkọ́kọ́, yóò máa kà á lọ dé òpin: mẹ́jọ. Ọjọ́ kan nínú owó náà jẹ́ ti alájọ fún iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà owó ọgbọ̀n ọjọ́ ni yóò gbà bí káàdì bá kún.

Ìyípadà ńlá dé ní 1892. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ogun Ìmàgbọn, ní ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe. Ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú ti dí láti ọjọ́ pípẹ́ ṣí, àwọn oníṣòwò, àwọn oníwàásù àti owó òyìnbó bá a wọlé. Owó ẹyọ ti ń pàdánù iyì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ilé iṣẹ́ ará Hamburg ti ń kó irú ẹyọ mìíràn, tó tóbi jù, tó sì pọ̀ rẹpẹtẹ, láti Zanzibar wá sí Èkó. Bí ó ti ń pọ̀ sí i ni iye rẹ̀ ń já, títí tí àpò owó fi wúwo ju ọjà tí wọ́n fẹ́ fi rà lọ. Báńkì Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1894, òun ló sì ń kó owó fàdákà òyìnbó wọlé. Ní 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ West African Currency Board sílẹ̀ láti máa ṣe owó fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Owó tuntun yìí ní òfin tirẹ̀. Ọ̀níní mẹ́wàá ni kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́fà ni sísì, kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè, ogún ṣílè sì ni pọ́n-ùn kan. Ọ̀níní, ẹ̀pìnnì, tó jẹ́ ìdajì kọ́bọ̀, àti kọ́bọ̀ ní ihò láàárín, èyí tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè sín wọn sókùn bí wọ́n ti ń sín ẹyọ. Ogún tó wà nínú pọ́n-ùn kò ṣe àjèjì sí Yorùbá. Méjìlá tó wà nínú ṣílè ló ṣe àjèjì.

Ní ilé ìwé tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ káàkiri Ìjẹ̀bú lẹ́yìn 1892, èyí tó yọrí sí ilé ẹ̀kọ́ girama Ìjẹ̀bú-Òde ní 1913, wọ́n ń kọ́ ọmọ láti kọ àyọkúrò ní òòró lórí síléètì. Bí ọjà bá jẹ́ ṣílè 13 àti kọ́bọ̀ 7, tí oníbàárà sì mú pọ́n-ùn kan kalẹ̀, ọmọ ilé ìwé yóò kọ ogún ṣílè sókè pẹ̀lú òdo kọ́bọ̀. Kò lè mú 7 kúrò nínú òdo, yóò yá ṣílè kan, yóò sọ ọ́ di kọ́bọ̀ 12, yóò mú 7 kúrò, ó ku 5. Yóò padà sí ṣílè, yóò rántí pé 19 ló kù, yóò mú 13 kúrò, ó ku 6. Ṣílè 6 àti kọ́bọ̀ 5 ni ìdáhùn. Ibi tí ọmọ ti máa ń ṣì í ni ibi yíyá. Ó gbàgbé pé ó ti yá, ó kọ 7 dípò 6, ẹgba sì tẹ̀ lé e.

Ìyá ọmọ náà, tó ń ta iyọ̀ tàbí gààrí, kò yá nǹkan kan. Ó gbé kọ́bọ̀ márùn-ún lé ọwọ́ oníbàárà, ó ní ó di ṣílè mẹ́rìnlá. Ó gbé ṣílè mẹ́fà lé e, ó ní ó di pọ́n-ùn. Bí kò bá ní kọ́bọ̀ tó pọ̀, ó lè gbé kọ́bọ̀ méjì àti tọ́rọ́ kan. Èyíkéyìí tó bá wà nínú igbá owó rẹ̀ ni yóò lò, nítorí kò sí ohun tó dè é mọ́ iye kan pàtó ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba kó ti dé ibi tó ń lọ. Ìṣirò méjì wà nínú agboolé kan náà nígbà náà, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fúnni, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní ìwé. Àdánù ni èyí jẹ́. Olùkọ́ tó ń na ọmọ lórí yíyá ì bá ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ka ṣéńjì.

Ní Yúróòpù fúnra rẹ̀, àwọn olùkọ́ mọ̀ pé àròpọ̀ lè ṣe iṣẹ́ àyọkúrò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ilé ìwé ilẹ̀ Austria ń kọ́ ọmọ láti béèrè ohun tí a óò fi kún iye kékeré kó tó di iye ńlá, ọ̀nà náà tàn dé Jámánì, orúkọ Austria sì ni wọ́n fi ń pè é títí di òní. Ṣáájú ìgbà náà, Blaise Pascal, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ ìṣirò ní 1642 láti ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ owó orí. Àgbá kẹ̀kẹ́ inú ẹ̀rọ náà kò lè yí padà sẹ́yìn, iwájú nìkan ni wọ́n ń yí. Ọgbọ́n tó dá ni pé bí ènìyàn bá fẹ́ yọ iye kan kúrò, ohun tó kù kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú iye náà tó pé 9 ni yóò lò, ẹ̀rọ yóò sì máa rò ó pọ̀. Kọ̀ǹpútà òde òní àti fóònù inú àpò ń ṣe irú rẹ̀: òdo àti oókan nìkan ni wọ́n fi ń kọ iye, wọ́n ń yí iye tí wọ́n fẹ́ yọ padà sí ohun tó kù kó pé, wọ́n sì ń fi àròpọ̀ parí rẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà tó ń ṣe àròpọ̀ ló ń ṣe àyọkúrò. Ọgbọ́n tí ẹ̀rọ fi ń ṣe é àti ọgbọ́n tó wà nínú mẹ́tàdínlógún jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Stephen Awókọ̀yà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbé ètò náà kalẹ̀. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kì bá tí lè san owó ilé ìwé bá ẹgbẹ́ wọn jókòó, ní Ayépé àti ní gbogbo ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba náà. Ìṣirò tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ti yíyá. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò, ní ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní àwọn ọdún 1980, Helen Verran, ará Ọsirélíà, ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe olùkọ́ ní Ifẹ̀ kan náà. Ohun tó rí ní kíláàsì ni ìwé rẹ̀, Science and an African Logic, tó jáde ní 2001, dá lé. Ó fi hàn pé òǹkà Yorùbá ní ìlànà tirẹ̀ tó gún régé, àti pé kì í ṣe òǹkà òyìnbó tí wọ́n kàn ṣe sódì.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni Nàìjíríà fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìwé ti gbàgbé pọ́n-ùn, ọjà kò gbàgbé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣílè márùn-ún ni àwọn àgbà ń pe kọ́bọ̀ 50. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n ti ń pè ní àpò kan, nítorí náà igba náírà di àpò kan, ó sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ohun tí kò sí ẹni tó pète rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: igba padà sórí àléfà. Ẹgbẹ̀rún, tó jẹ́ igba lọ́nà márùn-ún láti ilẹ̀ wá, di àpò márùn-ún. Bí oníṣòwò ní Ayépé bá pe ọjà rẹ̀ ní àpò mẹ́jọ àbọ̀ lónìí, tí oníbàárà sì fún un ní ẹgbẹ̀rún náírà méjì, ọgọ́rùn-ún kan ni yóò kọ́kọ́ kà, ó di àpò mẹ́sàn-án. Igba kan ni yóò kà tẹ̀ lé e, ó di àpò mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán aláṣọ ayé owó ẹyọ náà ló tún ṣe yẹn, láìyẹ ẹyọ kan.

Owó inú fóònù ti ń gba àyè ṣéńjì báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ náírà tí owó bébà sì wọ́n bí ojú, ọ̀pọ̀ ọjà kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba owó sínú àkáǹtì. Ẹni tó bá fi 1,700 ránṣẹ́ kò ní ṣéńjì láti gbà. Àwọn ọmọ sì ń pe iye owó ní Gẹ̀ẹ́sì ju bí wọ́n ti ń pè é ní Yorùbá lọ. Ọmọ tó mọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin láìbéèrè kò pọ̀ mọ́. Orúkọ ló kọ́kọ́ ń sọ nù, ọgbọ́n inú rẹ̀ a sì bá a lọ.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe kò ju agbára lọ. Kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ayépé, ní Ọdógbolú, àti níbikíbi tí ọmọ ti ń gbọ́ Yorùbá nílé, kọ́ ọmọ ní òǹkà Yorùbá kọjá ogún dé igba, ó kéré tán, kó sì fi ohun tó ń lé àti ohun tó ń dín hàn án. Kó tó gbé yíyá sórí pátákó, kó fún ọmọ ní owó bébà, kó ní kó ka ṣéńjì sókè bí wọ́n ti ń kà á lọ́jà. Kí òbí tó ń tajà náà pe ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, kó jẹ́ kí ọmọ náà kà á.